Kẹ́ ẹ tó pa jẹ́nì tì, ẹ fa epo inú ẹ̀ tán pátápátá

Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023 tí bẹntiróò wá gbówó lórí, ọ̀pọ̀ wa ti sáré lọ ra sólà, jẹ́nì wá di ẹrù tó jókòó sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé. Kò burú. Àmọ́ kì í ṣe ìjókòó yẹn ló ń bà á jẹ́ o, epo tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ sínú ẹ̀ ni.

Bẹntiróò tó bá ti pẹ́ nínú kábúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìn) á gbẹ, á máa lẹ̀, ihò jẹ́ẹ̀tì tí epo ń gbà kọjá níbẹ̀ sì kéré jọjọ, kíá ló máa dí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá nílò iná lójijì ẹ ó fa okùn títí apá á fi fẹ́ẹ̀ bọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí mẹkáníìkì tú ti ará ilé wa kan, ohun tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀ ẹ̀ ti pọ́n, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń rùn bí ọ̀dà.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Ìta gbangba ni màá wà, nígbà tí ẹ́ńjìn ti tutù, kò gbọdọ̀ sí iná tàbí sìgá nítòsí, màá fa epo inú táńkì sínú kẹ́ẹ̀gì, mọ́tò ló máa mu ún. Màá wá tàn án kó lo ìyókù tán títí tó fi máa kú fúnra ẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ epo ṣì kù nísàlẹ̀ kábúrétọ̀ o! Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ gbé agolo síbẹ̀, ẹ tú u, ẹ máa rí i bó ṣe máa ro jáde, kẹ́ ẹ wá dè é padà.

Nígbà tí ẹ́ńjìn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìn ọ́ìlì (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní I-better-pass-my-neighbour, ẹ fo ibí yìí, inú bẹntiróò lẹ ti ń po ọ́ìlì tiyín). Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ ro ọ́ìlì tuntun bíi ṣíbí tíì kan síhò ẹ̀, ẹ rọra fa okùn kó lè kárí inú, ẹ dá pọ́lọ́ọ̀gì padà. Ẹ tún wá fà á díẹ̀díẹ̀ títí okùn á fi le lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí, torí lórí jẹ́nì tó ní fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré méjì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìn, tí èéfín sì ń gbà jáde), méjèèjì ló pa dé nígbà yẹn, ọ̀rinrin ò ní ráàyè wọlé.

Ẹ má fi ọ̀rá wé e, òógùn á bò ó nínú ẹ̀, á sì dógùn-ún, aṣọ àtijọ́ dáa ju ìyẹn lọ. Ẹ gbé e sórí pákó. Torí èkúté, ẹ ki àkísà bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó yọ síta dáadáa kẹ́ ẹ lè rántí yọ ọ́. Tó bá jẹ́ oníkọ́kọ́rọ́, ẹ tú wáyà bátìrì ẹ̀.

Tó bá wá pẹ́ jù, ẹ́ńjìn lè ṣiṣẹ́ kó má sì mú iná wá. Ẹ má tíì gbà fẹ́ni tó bá ní kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀ tó ń mú iná wá) ti jó, mágnẹ́ẹ̀tì díẹ̀ tó máa ń kù nínú irin ẹ̀ lè ti lọ ni, ẹni tó mọṣẹ́ á kàn fi bátìrì 12V tọ́ ọ fẹ́ẹ́rẹ́, iná á dé.