Fọ́ọ̀ wíìlì àbí òkúta típà kan

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kẹwàá.

Òjò àná ò dá títí di nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ lórí páànù, mo sì ń ṣírò iye tí yóò ná mi. Àwọn kan máa ń sọ pé oorun òjò dùn. Wọn ò ní oko lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látọjọ́ yìí mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti ń sin adìyẹ. Téèyàn bá yà kúrò ní títì, ọ̀nà pupa tó wọ inú oko ò tó kìlómítà mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ò sì lẹ́bi kankan. Ibì kan ṣoṣo ló burú, níwájú ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù, níbi tí ilẹ̀ ti jin kòtò bí ìkòkò. Kò gùn ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ. Ibẹ̀ ni omi gbogbo àdúgbò máa ń wá ṣèpàdé sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a rì síbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń wakọ̀, èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ò tíì kó nǹkan kan sẹ́yìn. Mo bọ́ sílẹ̀ lọ wò ó. Wíìlì ẹ̀yìn ọ̀tún ń yí fìrìfìrì, ó ń fọ́n ẹrẹ̀ sí mi láṣọ. Ti òsì dúró gbagidi, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Kí n tó yíjú padà, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ti yọ látẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú pákó lọ́wọ́. Pákó yẹn ló dùn mí jù. Ó fi hàn pé wọ́n ti ń retí mi. Mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, a jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyin mi fi máa dé ọjà Kútọ̀, ìyá tó máa ń gbà á lọ́wọ́ mi ti ra tẹlòmíì. Mo délé, mo là á mọ́lẹ̀ pé píkọ́ọ̀pù tí mo máa rà lọ́dún yìí, fọ́ọ̀ wíìlì ni, èyí tí ẹ́ńjìnnì lè yí wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ibi tó bá wù kó gbà.

Ìdí nìyẹn tí èmi àti mọkálíìkì mi fi wà ní Ọbáńtokò láàárọ̀ yìí, níwájú píkọ́ọ̀pù Toyota Tacoma tòkunbọ̀ méjì. Àwọ̀ eérú ni ọ̀kan, funfun ni èkejì. Méjèèjì ga bákan náà, imú wọn rí bákan náà. Ọmọkùnrin tó ń tà wọ́n ní, “Màmá, méjèèjì ló lágbára, ibikíbi ni wọ́n lè wọ̀.”

Mọkálíìkì ò dá a lóhùn. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó tan iná fóònù rẹ̀ sábẹ́ funfun. Ó pè mí pé kí n bẹ̀rẹ̀ wò. “Ṣé ẹ rí ṣáàfù kankan tó lọ sí wíìlì iwájú?” Ṣáàfù ni irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí wíìlì. Mi ò rí i. PreRunner ni funfun yẹn. Toyota ń ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ ga bíi fọ́ọ̀ wíìlì, àmọ́ wíìlì ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí kì í bá ṣe pé mọkálíìkì dùbúlẹ̀, owó fọ́ọ̀ wíìlì ni ǹ bá gbé kalẹ̀ fún gíga lásán.

Aláwọ̀ eérú ni ojúlówó. Ó ní kinní róbótó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn tí wọ́n fi ń yàn án: wíìlì méjì, wíìlì mẹ́rin, àti wíìlì mẹ́rin oníwọ̀ọ́rọ́wọ́, tí ọkọ̀ á máa rọra fi agbára rìn bíi màlúù. Ká má purọ́, mo jókòó sínú rẹ̀, mo yí kinní náà lọ yí i bọ̀, inú mi dùn. Mo ti ń rí ara mi níwájú àwọn oníbúlọ́ọ̀kù tí mo ń kọjá lọ láì wojú ẹnikẹ́ni.

Mọkálíìkì ní kí n bọ́ sílẹ̀, òun fẹ́ fi nǹkan kan hàn mí. Ó yàn án sí wíìlì mẹ́rin, ó yí sítíárìn títí kò fi yí mọ́, ó wá rọra ń yí ọkọ̀ ká lórí kọnkéré àgbàlá wọn níbi tó ti gbẹ. Ọkọ̀ náà kọ̀. Ó ń ta kìkì, ó ń fò díẹ̀díẹ̀, táyà iwájú ń han, àfi bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Ó ní ohun tó fà á nìyí: tí ọkọ̀ bá ń kọ́nà, ìrìn wíìlì iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀ wíìlì irú èyí ti so iwájú mọ́ ẹ̀yìn pé bákan náà ni kí wọ́n máa yí. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ìjà á parí. Lórí títì gbígbẹ, kò síbi tí yóò yọ̀ sí, gíà àti ṣáàfù ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

“Màmá, ọjà wo lẹ ń ná?”

Mo ní Kútọ̀, Pánṣẹ́kẹ́, nígbà míì Láfẹ́nwá.

“Títì ni gbogbo ẹ̀. Ibo lẹ ti fẹ́ lò ó?”

Mo dákẹ́. Nínú gbogbo ìrìn ọ̀sẹ̀ mi, ibi tí mo ti lè yí kinní róbótó yẹn ò ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ.

Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ti sọ tẹ́lẹ̀ lórí fóònù pé kí n fi Tacoma sílẹ̀, kí n ra Honda Ridgeline, pé ìyẹn á fúnra rẹ̀ pín agbára fún wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì jẹ́ pé èèyàn yan ohunkóhun, a sì lè lò ó lórí títì gbígbẹ láì bẹ̀rù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò ní oníwọ̀ọ́rọ́wọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ làwọn kan wà nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2017 sí 2020 tó jẹ́ wíìlì iwájú nìkan ló ń fà wọ́n, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Mọkálíìkì mi ní ìyẹn dára fún ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú òjò.

Ó tún dùbúlẹ̀ sábẹ́ aláwọ̀ eérú. Rọ́bà tó bo oríkèé ṣáàfù iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ti ya, gírísì dúdú ti fọ́n káàkiri ara ríìmù nínú, iyanrìn sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ìka ra á, ó fi hàn mí: ó ń ta kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láàárín ìka. Ìyẹn ni pé oríkèé náà ti ń jẹ iyanrìn. PreRunner ò ní irú rẹ̀ tí yóò bàjẹ́, kò sì ní gíà iwájú tí a óò máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Táyà eérú yẹn ńkọ́? Wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún tó ń dán gbinrin, àmọ́ nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1915. Ọ̀sẹ̀ 19 ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Ọmọkùnrin yẹn ní tuntun ni. Mi ò bá a jiyàn.

Mo wá bi mọkálíìkì léèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì: kí ló dé tí wíìlì kan fi ń yí tí èkejì dúró? Ó ní gíà tó wà láàárín wọn ló fà á, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀kan lè yára ju èkejì lọ tí a bá ń kọ́nà. Nínú ẹrẹ̀, èyí tó bá rọrùn láti yí ni agbára máa ń sá tọ̀ lọ. Fọ́ọ̀ wíìlì gan-an, tí kò bá ní ohun tó ń ti gíà yẹn pa, lè máa fi iwájú kan àti ẹ̀yìn kan yí lásán. Ó tún ní ọ̀pọ̀ ń rò pé fọ́ọ̀ wíìlì ló ń dá ọkọ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òjò. Rárá o, gbogbo ọkọ̀ ló ń fi wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ bíréèkì. Táyà ló ń mú un dúró.

Mo délé, mo jẹ láfún, mo ṣí ìwé ìnáwó oko. Láti oṣù kẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ti rì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú rẹ̀, ọkọ̀ ṣófo la gbé wọlé. Ọjọ́ tá a kó àpò oúnjẹ adìyẹ 20, oníkìlógíráàmù 25, ọkọ̀ kan náà gba ẹrẹ̀ kan náà kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹrù ló tẹ wíìlì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. (Mọkálíìkì ti kìlọ̀ pé tí ẹrẹ̀ bá jìn gan-an, ẹrù yẹn náà ló máa tún rì í.) Mo jáde lọ sídìí ọkọ̀ àtijọ́ náà, mo ki orí ìṣáná bọ àárín eyín táyà ẹ̀yìn. Orí dúdú yẹn nìkan gan-an ò rí ibi farapamọ́ sí. Mo sì ń bínú sí ẹ̀dá ọkọ̀!

Ohun tí mi ò kọ síwèé rí nìyí. Ọ̀gbẹ́ni kan wà lójú ọ̀nà wa tó ní Hilux fọ́ọ̀ wíìlì. Lọ́dún tó kọjá tá a ní ká dáwó jọ fi òkúta sí ibi kòtò yẹn, ó ní ibẹ̀ ò ṣe òun ní nǹkan kan. Òótọ́ ló sọ, kò rì rí. Ṣùgbọ́n òun ló ń gbá inú ẹrẹ̀ yẹn kọjá nígbà tó bá ṣì rọ̀, ipa táyà rẹ̀ ló ń gbẹ́ poro méjèèjì tí àwa tó kù ń já sí. Mo ro ara mi lórí ìjókòó aláwọ̀ eérú yẹn láàárọ̀, bí mo ṣe fẹ́ máa kọjá láì wojú ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí díẹ̀.

Owó tó wà láàárín funfun àti eérú tó ra táyà tuntun mẹ́rin tó ní eyín gidi, tó ra òkúta, á sì tún kù. Abẹ́ òkúta là ń gbé, a wá ń rì sínú ẹrẹ̀ nítorí òkúta típà kan tàbí méjì. Mo ti ní kí mọkálíìkì lọ ná funfun fún mi lọ́la. Iye mi ni mo sọ fún un, bí wọn ò bá gbà, kó máa bọ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo pe onítípà. Mo júwe ọ̀nà fún un, mo ní ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù ni kó já a sí. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Màmá, ibẹ̀ yẹn… ṣé típà mi ò ní rì báyìí?”

Mo ní kó jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ di Ọjọ́bọ̀.