Ọ̀dọ̀ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Ẹ jẹ́ ká mú akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nítòsí Ọjà Ọba, l'Óṣogbo níbí. Fọ́tò NIN, nọ́ńbà BVN àti àdírẹ́sì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kún inú WhatsApp rẹ̀. Lójú tirẹ̀, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ fóònù ọ̀hún ń kó ẹ̀dà wọn lọ sórí Google Drive lóru, ó ti ré kọjá ẹnubodè Nàìjíríà. Dátà tí mò ń sọ nìyẹn, kì í ṣe èyí tí à ń rà sórí fóònù.

Àwọn kan ní kí ìjọba ṣáà fi dandan lé e pé Èkó tàbí Àbújá ni kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sí. Ìlànà NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ti ọdún 2013 ti ń bá èyí bọ̀. Èmi ò lòdì sí i, ṣùgbọ́n kò tó.

Ẹ wo ọ̀ràn Microsoft. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kó ímeèlì ẹnì kan jáde nítorí ìwádìí oògùn olóró. Dublin ní Ireland ni ímeèlì náà wà, Microsoft sì kọ̀. Ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Kí ìdájọ́ tó jáde, Amẹ́ríkà ṣe òfin CLOUD ní oṣù kẹta 2018: dátà tó bá wà níkàáwọ́ ilé-iṣẹ́ tí òfin Amẹ́ríkà dè, ibi yòówù kó wà, wọ́n lè ní kó kó o wá. Ẹjọ́ bá tán síbẹ̀. Bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wá kọ́ ilé dátà sí Lẹ́kí, òfin yẹn ṣì ń bá a lọ.

Nílé ńkọ́? Abala 37 ìwé òfin 1999 dáàbò bo ìwé àti ìpè wa. Síbẹ̀, òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè fún ọdún 2. Ìlànà NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti 2019 ní kí adájọ́ fọwọ́ síwèé àṣẹ kí àwọn agbófinró tó tẹ́tí sí ìpè, àfi ní pàjáwìrì, tí wọ́n á wá tọrọ ìwé náà láàárín wákàtí 48. Òfin dátà ti 2023 náà ní kí dátà wa má lọ síbi tí kò sí ààbò tó péye, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti gbà á láyè fúnra yín, ó lè lọ. Ẹ rántí èyí kẹ́ ẹ tó tẹ "I agree".

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́. Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, Chats, Chat backup, kẹ́ ẹ tan End-to-end encrypted backup, tó ń ti ẹ̀dà náà pa kó tó dé Drive, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i. Ẹ lè lo páásíwọ́ọ̀dù tàbí kọ́kọ́rọ́ oníòǹkà 64. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn tí kì í ṣe fóònù náà. Tó bá sọnù tí fóònù sì bàjẹ́, WhatsApp ò lè bá yín ṣí i.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni gúrúùpù. Ẹ ti tiyín, àwọn tó kù lè má ti tiwọn, fọ́tò kan náà á sì wà ní gbayawu lórí Drive wọn. Kí ọmọ ẹgbẹ́ gbé NIN rẹ̀ wá sípàdé, kí akọ̀wé da nọ́ńbà rẹ̀ kọ sínú ìwé, kó sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀.