Ìrù Ẹṣin Tí Màmá Kọ́kọ́ Rí

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ya fọ́tò ẹṣin nínú New Forest, mi ò sì wo ìrù wọn dáadáa rí. Màmá mi ló kọ́kọ́ rí i. Wọn ò tí ì lò tó ọjọ́ mẹ́wàá nílùú ọba nígbà náà.

Sátidé kan ni, láàárín oṣù kẹwàá. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Òṣogbo, ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á máa wo títì wa ní Southampton, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé àwọn ará ibí kì í kí ara wọn ni?" Mo rò ó pé ohun tó máa tù wọ́n lára ni kí wọ́n rí ẹran, kí wọ́n rí igi, kí wọ́n rí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ súà. Mo dín àkàrà kí ilẹ̀ tó mọ́, mo rọ tíì sínú fláàsì, mo fún wọn ní ẹ̀wù òtútù mi tó nípọn jù, a sì gbéra ní aago méje.

Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, igbó àti pápá ni New Forest, ní Hampshire, ní gúúsù England. Ọba William tó ti Normandy wá fi ogun gba ilẹ̀ yìí ló yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1079 kó lè máa ṣọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀. Igbó Tuntun ni wọ́n ń pè é títí dòní, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní 900 ọdún. Ọdún 2005 ni ó di National Park. Bí mo ṣe ń sọ èyí fún Màmá bí a ṣe ń kọjá Ashurst, wọ́n yíjú sí mi. "2005? Ṣebí ọdún yẹn náà ni UNESCO kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ogún àgbáyé?" Ọdún yẹn náà ni lóòótọ́. Mi ò so méjèèjì pọ̀ rí.

Láti Lyndhurst a kọrí sí ọ̀nà Beaulieu. Ọ̀nà yẹn kò ní ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pápá wà lọ́tùn-ún, pápá wà lósì, títì tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín wọn kọjá, ẹran sì lè dúró tàbí kó dùbúlẹ̀ sórí ọ̀dà bó bá ṣe wù ú. Máìlì 40 ní wákàtí kan ni òfin fi mọ. Èmi kì í kọjá 25. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wá, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ọmọ ẹṣin kan já sí títì níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì débi pé kámẹ́rà mi fò kúrò lórí àga. Ọmọ ẹṣin náà dúró, ó ń wò mí, èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín nínú iná mọ́tò, kí ìyá rẹ̀ tó wá kó o kọjá. Títí dòní, bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú lọ́nà yẹn, àyà mi á máa lù. Ẹṣin ń kú lójú títì wọ̀nyí lọ́dọọdún, lálẹ́ jù lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọlù wọ́n kì í ṣe àlejò. Ará àdúgbò tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, tàbí tó ń kánjú wálé, ni. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gba ibẹ̀, ẹ rọra.

Kùrukùru ṣì bo pápá nígbà tí a gúnlẹ̀ sí tòsí ibùdókọ̀ ojú irin Beaulieu Road. Ewé ilẹ̀ ti pọ́n bí irin tó dípẹtà, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, àwọn ẹṣin sì ń jáde nínú kùrukùru náà lọ́kọ̀ọ̀kan: pupa, dúdú, ọ̀kan bí eérú. Pónì ni wọ́n, wọn kì í ga bí ẹṣin tí a máa ń rí lọ́jọ́ ọdún lójúde ọba. Ẹsẹ̀ wọn kúrú, ikùn wọn rí róbótó, gọ̀gọ̀ wọn sì gùn débi tó fi bo ojú. Àwọn igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún kan wà níbẹ̀ tí èmi ò lè fọwọ́ kàn láì wọ ìbọ̀wọ́. Ẹṣin wọ̀nyí ń já ewé wọn jẹ bí ẹni ń jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Mo dojú bolẹ̀ sórí koríko tútù, mo fi lẹ́ńsì gígùn wò wọ́n láti ọ̀ọ́kán. Bí èèyàn bá ya ẹṣin láti ìdúró, ilẹ̀ ló máa kún fọ́tò náà; bó bá dùbúlẹ̀, ẹṣin á yọ sójú ọ̀run, kùrukùru á sì bo gbogbo ohun tí kò ṣe pàtàkì. Mo ti ya bí ogún nígbà tí ohùn Màmá dún láti fèrèsé ọkọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́! Ta ló ni àwọn ẹṣin wọ̀nyí?"

"Inú igbó ni wọ́n ń gbé, mà."

"Mo gbọ́. Ta ló ni wọ́n?"

Mo ní ẹṣin igbó ni wọ́n, bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ. Màmá mirí. "Ẹṣin igbó kẹ̀? Ta wá ló gé ìrù wọn?"

Mo ya ọ̀kan sí i, mo fẹ̀ ẹ́ nínú kámẹ́rà. Lóòótọ́, irun ìrù rẹ̀ já ní ipele-ipele lápá kan, bí àtẹ̀gùn. Ẹlẹ́yìn rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kì í ṣe ẹ̀gún ló fà á, ọwọ́ ènìyàn ni.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ló là wá lóye. Ìdílé rẹ̀ náà ní ẹṣin nínú igbó. Ó ní kò sí ẹyọ ẹṣin kan níbẹ̀ tí kò ní olówó. Commoner ni wọ́n ń pè wọ́n: ẹni tí ilé tàbí ilẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ayébáyé pé kó da ẹṣin, màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sínú pápá. Olúkúlùkù ní àmì tó fi irin gbígbóná tẹ̀ sí ara ẹran rẹ̀. Ó máa ń san owó kan lọ́dọọdún lórí ẹran kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá sì ti san án, agister á gé ìrù ẹṣin náà. Agister ni àwọn tó ń gun ẹṣin káàkiri igbó láti mójú tó ẹran. Márùn-ún ni wọ́n, olúkúlùkù ní agbègbè tirẹ̀ àti irú gígé tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rí ìrù ti mọ ibi tí ẹṣin náà ti wá. Láti ìparí ìgbà ooru títí wọ ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń da ẹṣin jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì gé ìrù wọn.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Rìsíìtì ni ìrù!" Wọ́n ní kí n sọ fún ìyá náà pé nígbà tí àwọn ń sin àdìẹ ní agboolé, àwọn a máa so àkísà àdìrẹ mọ́ apá wọn, ti ìyàwó ilé kejì a jẹ́ pupa, kò sì sí ẹni tó ń jà sí àdìẹ ẹlòmíràn. Mo sọ ọ́. Ìyá olójú búlúù yẹn dì mọ́ Màmá mi nínú òtútù, àwọn méjèèjì ò sì gbọ́ èdè ara wọn.

Ìbéèrè Màmá kò tán síbẹ̀. Bí a ṣe ń jẹ àkàrà lẹ́bàá omi Hatchet Pond, wọ́n ní, "Bí ẹran ẹnì kan bá ṣàìsàn ńkọ́? Bí ẹnì kan bá da tirẹ̀ wọlé láìsanwó? Níbo ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ lọ?" Èyí ni mo mọ̀. Lyndhurst ni, nínú ilé biriki kan tí a ti kọjá láàárọ̀. Àwọn Verderer, ìyẹn àwọn adájọ́ igbó náà, ló ń jókòó níbẹ̀, mẹ́wàá ni wọ́n. Àwọn commoner ló ń dìbò yan márùn-ún nínú wọn. Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń jókòó, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọlé kó dìde sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa igbó náà. Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Nílé wa, ẹran tó ń jẹko kiri ti pa èèyàn." Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Oko àbúrò wọn ni màlúù jẹ tán lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn.

Brockenhurst kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì dúró síbi tí odò kékeré ti ṣàn kọjá lórí títì, bàbá kan sì ń fún ọ̀kan ní bisikíìtì, àwọn ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Inú mi kò dùn sí i rárá. Òfin kọ̀ ọ́, ìdí sì wà: ẹran tó bá ti mọ ọwọ́ ènìyàn á máa wá oúnjẹ lọ sójú títì, mọ́tò ló sì wà lójú títì. Mo lọ bá bàbá náà, mo sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbọ́, ó sì kó bisikíìtì náà padà sápò.

Kí a tó wọ igbó ńlá, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin ń tú ilẹ̀ lábẹ́ igi óákù lẹ́bàá ọ̀nà. Lásìkò ìwọ́wé ni àwọn commoner ń tú wọn sílẹ̀. Èso óákù tútù ń ṣe ẹṣin àti màlúù bíi májèlé bí wọ́n bá jẹ ẹ́ jù, ṣùgbọ́n oúnjẹ aládùn ni fún ẹlẹ́dẹ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ wá ń gba ẹṣin là," ni Màmá wí, wọ́n sì ní kí n ya wọ́n. Mo yà wọ́n.

Ọ̀nà Rhinefield ní àwọn igi redwood tí wọ́n kó irúgbìn wọn láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbìn ní nǹkan bíi 160 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ga débi pé fìlà á bọ́ lórí ẹni tó bá ń wò wọ́n. Àlejò ni wọ́n. Tìtorí àwọn onílé ni mo ṣe wá.

Àgbà nínú àwọn onílé ni Knightwood Oak, igi óákù ńlá kan. Ó ti lé ní 500 ọdún, ìdí rẹ̀ sì ju mítà 7 lọ yíká. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí nígbà èwe rẹ̀, kí ẹ̀ka tuntun lè máa hù jáde tí àwọn ènìyàn á máa gé lò, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka rẹ̀ fi nà sókè bí ìka ọwọ́. Òfin ọdún 1698 ló fòpin sí bíbẹ́ igi lórí nínú igbó yìí, nítorí pákó gígùn ni ìjọba ń wá fún ọkọ̀ ogun ojú omi. Nítorí náà, gbogbo igi tó rí bí ìka ọwọ́ báyìí ti dàgbà ju òfin yẹn lọ. Mi ò lè rí ọ̀kan kí n má dúró.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú igbó yẹn ni abẹ́ igi. Kò sí ẹ̀ka nísàlẹ̀ rárá, àfi láti ibi tí ẹnu ẹṣin àti àgbọ̀nrín kò lè dé. Ó tẹ́jú bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ á wá gba ibẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, á rọ̀ sórí ewé gbígbẹ bí òróró pupa. Bí ẹran kò bá jẹ níbẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ẹ̀gún àti igi wẹ́wẹ́ á dí gbogbo rẹ̀. Eyín ẹran wà nínú gbogbo fọ́tò tí mo ti yà nínú igbó yẹn.

Màmá dúró lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n fi yí igi náà ká, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Irú igi tó gbé Ábúsálómù kọ́ rèé." Wọ́n tún dákẹ́. Wọ́n ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé, kò sí ọmọ tó jẹ́ ṣẹ́ ẹ̀ka kan nínú Igbó Ọ̀ṣun, àní èyí tó ti gbẹ. Bí wọ́n ṣe gbójú sókè báyẹn, gèlè wọn kan ojú ewé, mo ya fọ́tò tó dùn mọ́ mi jù lọ́dún yẹn. Ìmọ́lẹ̀ kò tó. Mo fara ti igi kan, mo mú èémí dúró kí ọwọ́ mi má gbọ̀n.

Lálẹ́, mo ṣí gbogbo fọ́tò ọdún mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà. Ojú ẹṣin, gọ̀gọ̀ ẹṣin, ọmọ ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ìrù gígé wà níbẹ̀ látìgbà yẹn, létí àwòrán, níbi tí mi ò wò. Màmá ń wò wọ́n pẹ̀lú mi, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ka: "Èyí àti èyí, agister kan náà ló gé ìrù wọn. Tọ̀hún yàtọ̀."

Wọ́n fẹ́ lọ sí kóòtù Lyndhurst kí wọ́n tó padà sílé. Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ fún Ọjọ́rú tí wọ́n máa jókòó. Ìró àti bùbá aṣọ òkè wọn ti wà lórí àga láti àná, mo sì ti sọ fún wọn pé ẹ̀wù òtútù ṣì máa bò ó. Wọ́n ní àwọn á bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.