Aago tó ń sáré ju bátìrì lọ

Lálẹ́ àná, nínú yàrá mi ní Tanke, níbi tí mo ti ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa wọn ọ̀rinrin ilẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ bàbá wa ní Ọ̀fà, mo dín fólítì rẹ̀ kù láti 5 sí 2.7, mo sì fi aago inú rẹ̀, èyí tó ń lu ìlù tí iṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé, sílẹ̀ ní 16 MHz (ìlù mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Kàkà kí ó kọ iye ọ̀rinrin, wọ́ńranwọ̀nran ló ń tò sójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé ẹ ti jó o," ni àbúrò mi wí.

Kò jó. Bí fólítì bá lọ sílẹ̀, àwọn transistor, ìyẹn àwọn ohun kéékèèké tó ń tan iná tó sì ń pa á nínú chip tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà, a máa falẹ̀, ìlù aago tó kàn yóò sì ká iṣẹ́ tí kò tíì parí mọ́lẹ̀. Mo dá aago padà sí 8 MHz, ó sì kà geere.

Ìdí tí mo fi dín fólítì kù ni pé iná tí ìlù kọ̀ọ̀kan ń jẹ ń tẹ̀lé fólítì tí a fi fólítì sọ di púpọ̀. Nítorí náà, ti 2.7 kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti 5. Ọwọ́ ni mo fi yí aago tèmi o. Àwọn chip ńlá mìíràn a máa fúnra wọn fa àlàfo àárín ìlù aago gùn bí fólítì bá ṣàdédé já. Kóòdù tí mo ń kọ báyìí yóò máa wo bátìrì, yóò sì máa dín ìyára aago kù bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́.