Bó Bá Kú Lọ́nà

Ọ̀rọ̀ kan wọ̀ mí létí láàárọ̀ yìí ní Aráròmí, lọ́jà Gate, títí di ìsinsìnyí kò tíì jáde. Páńpù epo mọ́tò ni mo bá lọ. Ẹni tó ṣáájú mi ń ná tòkunbọ̀ kan, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní ṣé á tọ́jọ́ báyìí. Ọlọ́jà ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Alhaji, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá tiẹ̀ kú lọ́nà, ẹ̀ẹ́ kàn rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni."

Alhaji sanwó, ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò sì burú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, kì í parọ́ fúnni. Bí mọ́tò bá kú, o yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, o pe mẹkáníìkì, o jókòó sábẹ́ igi títí á fi dé. Bá a ṣe ń lo ọkọ̀ nílùú yìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàálù kékeré ni à ń kàn nílé, nítorí náà láti Gate títí dé ilé, ẹ̀gbẹ́ títì ni mò ń rò ṣáá.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án. Wọn ò mú iná wá. Mo jẹ àmàlà.

Zenith CH 701 ni bàálù wa, alájókòó méjì ni, ẹ́ńjìnnì tó máa gbé e ni mi ò tíì yàn tán. Rotax 912, ṣé alágbára ẹṣin 80 ni àbí 100. Mo ti fọkàn sí 100, mo tiẹ̀ ti sọ fún Mọ́mì pé ó ti parí. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ kò tíì yẹ̀: bí ooru bá mú, afẹ́fẹ́ á fẹ́lẹ́, ìyẹ́ ò ní rí ohun gidi dì mú, ẹ́ńjìnnì pàápàá ò ní rí afẹ́fẹ́ tó mí símú. Ẹ wo aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kẹta ní Ìbàdàn, èèyàn méjì nínú 701, epo kún táǹkì, gbogbo ẹ̀ wá sún mọ́ kílò 500 tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹṣin 20 tó lé yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì.

Àmọ́ epo ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì 100 yẹn máa ń tẹ epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an kó tó tanná sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní epo tó máa mu kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju RON 95 lọ. RON ni òṣùwọ̀n bí epo ṣe lè fara da títẹ̀ tó kó tó bú fúnra rẹ̀. Ti 80, RON 90 ti tó o. Ta ló máa bá mi wọ̀n ọ́n lẹ́nu páńpù nílé epo? A ṣì rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol, irú ọtí kan, pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ̀lú, tí ọkọ̀ ń kú káàkiri. Gbogbo wọn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí epo ò bá kún ojú òṣùwọ̀n, dípò kó jó wọ́ọ́rọ́ nínú sílíńdà, á máa bú gbàmù. Nínú mọ́tò, èèyàn á gbọ́ ọ tó ń kàn kọ́kọ́kọ́, á sì fẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Nínú bàálù, ariwo propeller, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú, á bò ó mọ́lẹ̀, písítìnì á sì ti bàjẹ́ kó o tó mọ̀.

Lókè, kò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́ nítorí kì í ṣe òótọ́ tán, mo tún ti kọ ọ́ báyìí. Bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á máa sọ̀ bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Tiwa ò lè sọ̀ lọ jìnnà, ìyẹ́ rẹ̀ nípọn, afẹ́fẹ́ ń fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ yẹn kan náà ló ń jẹ́ kó lè rìn pẹ̀lẹ́, bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, kó sì balẹ̀ síbi kékeré. Bá a bá gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Aláàkìá tá a dorí kọ ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá, oko wà. Oko gbáàgúdá tó tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ títì tiwa nìyẹn. Bó bá wá jẹ́ orí Bẹẹrẹ ńkọ́, orí Ọjà'ba, páànù lórí páànù… mi ò fẹ́ rò ó débẹ̀ lálẹ́ yìí.

Mọ́mì ti bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ṣé ìwọ nìkan lo máa wọ̀ ọ́?" Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi ló máa jókòó tì mí. Wọn ò sọ nǹkan kan sí i. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun.

Bàbá mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n jáwọ́ nínú Rotax, kí n lọ wá ẹ́ńjìnnì Ìjàpá. "Ọmọ mi, owó tó o fẹ́ ná yẹn pọ̀ jù. Volkswagen kì í dójú tini." Láti 1975, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó, ni bàbá ti ń tú u. Wọn ò sì parọ́, ẹ́ńjìnnì Volkswagen ti ń gbé bàálù kéékèèké fò láti ọjọ́ pípẹ́, kò lómi, kò ní rédíétọ̀. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó bá wa mu ni pé tààrà ló ń yí propeller láìní gíábọ́ọ̀sì, eré tó sì fi ń yí i pọ̀, propeller kúkúrú ló gbà. Bàálù tó ń rìn pẹ̀lẹ́ bíi tiwa, propeller gígùn tó ń yí jẹ́jẹ́ ló ń fẹ́. Rotax á máa yí tiẹ̀ dé ìgbà 5,800 ní ìṣẹ́jú kan, gíábọ́ọ̀sì á wá dín in kù sí bíi 2,500 kó tó dé iwájú. Ó tún fúyẹ́ ju Ìjàpá lọ. Mo ṣàlàyé fún bàbá, wọ́n mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà.

Nígbà tí òjò dá, mo gbé àpótí bóòtì àti nọ́ọ̀tì jáde. Mo fẹ́ràn àwọn AN3 yìí, bóòtì tí wọ́n ṣe fún bàálù, gan-an. Wọ́n ní àwọ̀ wúrà rírẹ̀, àmì àgbélébùú kékeré wà lórí wọn, èyí tó ń sọ irú irin tí wọ́n jẹ́. Bó o bá kì í bọ ihò, ibi tó ń dán nìkan ló gbọ́dọ̀ kan alumíníọ́ọ̀mù, kí ojú ìdè rẹ̀, ibi tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, má wọnú ihò, torí ojú ìdè á máa rẹ́ ihò náà gbòòrò. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní òrùka ọ̀rá nínú tó ń dì í mú. Níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì wà, ọ̀rá yẹn á rọ̀, onírin pátápátá ló gba ibẹ̀. Gate kún fún bóòtì tó le, òmíràn tiẹ̀ le jù, á ṣẹ́ láìtẹ̀. Èyí máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Ó ń kìlọ̀.

Inú mi dùn nígbà tí mo ń tò wọ́n, mi ò lè pa á mọ́ra. Ìrù tá a ti kàn parí wà lára ògiri, ríbẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tò lọ tẹ̀léra tẹ̀léra, mo kàn ń wò ó. Wọ́n ṣe bàálù Air Beetle ní Kàdúná fáwọn ológun òfuurufú wa, láti ara bàálù RV-6A tí àwọn aládàáṣe ń kàn nílé ni wọ́n sì ti mú un. Ta ló ní a ò lè ṣe é?

Mo rò pé mo lè pín ẹrù yìí sí méjì: èyí tó lè kú lọ́nà àti èyí tí kò gbọdọ̀ kú. Fóòmù ìjókòó, mo ní n ó rà á níbí, kò sí wàhálà. Mo bá ṣáná sí ègé kan lẹ́yìnkùlé. Ó jó fòfò, èéfín rẹ̀ dúdú. Nítorí náà fóòmù pàápàá…

Mo dán epo wò kílẹ̀ tó ṣú. Mo da omi sí ìsàlẹ̀ ìgò gbọọrọ, mo fi bírò fa ìlà síbi tó dé, mo da epo lé e, mo mì í, mo gbé e kalẹ̀. Bí ọtí bá wà nínú epo, omi á fà á mọ́ra, á ga kọjá ìlà. Kò ga. Omi náà pa dà sí ìsàlẹ̀ ní róbótó róbótó, ó kó ara jọ sójú ìlà gan-an. Ṣùgbọ́n ìgò yẹn ò lè sọ fún mi bóyá 90 ni àbí 95.

80 ni mo máa mú. Mo ti kọ ọ́. Bí ooru bá mú, a ó dúró di ìrọ̀lẹ́ ká tó gbéra, ooru lèèyàn lè dúró dè. Àbí ká dín epo táǹkì kù? Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, orí òṣùwọ̀n ni mo máa kọ́kọ́ gbé wọn sí kí wọ́n tó jókòó, kí n lè mọ kílò tó ṣẹ́ kù fún epo.