Ìrora Tó Pẹ́ Dé

Bí mo ṣe ń lọ aṣọ lówùúrọ̀ yìí ni etí áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan ìka mi, mo sì ti fa ọwọ́ sẹ́yìn kí n tó mọ̀ pé ó jó mi. Ìrora méjì ló tẹ̀ lé e: àkọ́kọ́ gún mi bí abẹ́rẹ́, ó sì kọjá; lẹ́yìn náà ni èyí tó ń jóni, tó sì ń sọni, rọra dé, kò sì tíì lọ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló pàṣẹ pé kí ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Kò dúró gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọpọlọ rárá. Ní ti ìrora fúnra rẹ̀, oríṣi iṣan tín-ín-rín méjì ló ń gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sókè. Ọ̀kan ní ìbora ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìròyìn inú rẹ̀ sì lè sáré tó mítà 5 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì kò ní ìbora, kì í sì í sábà ju mítà 2 lọ láàárín àkókò kan náà. Ìdí nìyẹn tí ìjóni náà fi pẹ́ dé.

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà ní ẹnu irú iṣan bẹ́ẹ̀ tí ń ṣí bí ooru bá ti tó nǹkan bí 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èròjà tó ń mú kí ata ta ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, David Julius, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi wá a rí ní 1997, nítorí pé ilẹ̀kùn kan náà ni ata ń ṣí. Abájọ tí ata fi ń jó ẹnu láìsí iná níbẹ̀. Ní 2021, Julius àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Ardem Patapoutian, tó ṣàwárí irú ilẹ̀kùn tó ń mọ ìfọwọ́kàn, jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Síbẹ̀, ìròyìn tó gòkè lọ kọ́ ni ìrora. Ọpọlọ ló ń dá ẹjọ́ náà, ó sì máa ń wo ibi tí èèyàn wà, ohun tó ń bà á lẹ́rù àti ohun tó ń retí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Henry Beecher, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ gidi ló sọ pé àwọn kò fẹ́ oògùn ìrora. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lè máa jẹ ìrora ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ló ń pa kò mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn tó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ kò kéré.

Fún ìdí yìí, mo fara mọ́ ọn bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ní kí aláìsàn fi òǹkà láti 0 dé 10 sọ bí ìrora rẹ̀ ṣe tó. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò, àti bó ṣe ń ká ẹsẹ̀ kò, bó ṣe ń sunkún, àti bóyá ó dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e mọ́ra.