Ẹ yẹ iyọ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan kálísíọ́mù

Ọyẹ́ ló kọ́ mi ní ìtọ́jú iyùn òkun (coral) ní Àbújá. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ti dé, omi oníyọ̀ inú táńkì gíláàsì tí mo ń sìn wọ́n sí á máa fà ní kíákíá, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Ohun gbogbo tó wà nínú omi á wá ki sí i. Bí iyọ̀ bá gùn láti 35 ppt (ìdá nínú ẹgbẹ̀rún) dé 37, kálísíọ́mù tó jẹ́ 400 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù) á di bíi 423, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bu nǹkan kan sí i. Ẹni tí kò wọn iyọ̀ á gbà pé kálísíọ́mù ti tó, á dáwọ́ bíbu kálísíọ́mù sí i dúró, nígbà tí iyùn ṣì ń fà á mu láti fi kọ́ egungun ara rẹ̀.

Nítorí náà, refractometer, ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, ni mo máa ń kọ́kọ́ mú, kí n tó mú test kit tí a fi ń wọn kálísíọ́mù. Omi RO, omi tí a ti sẹ́ mọ́ tónítóní, ni mo sì ń fi dí èyí tó fà, lójoojúmọ́. Omi bọ́họ́òlù kọ́ o! Ohun tó bá nínú àpáta ló ń gbé bọ̀.

Àbúrò kan ní Kubwa bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbé kálísíọ́mù dé 500 ppm kí iyùn lè tètè dàgbà?” Rárá. Láàárín 400 sí 450 ti tó. Kó má ṣáà ti máa lọ sókè sódò. Alkalinity, ìyẹn agbára omi láti dènà àsíìdì, tí a ń fi dKH wọ̀n, gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́, bíi 8 sí 9 dKH. Bí iyùn bá fa 20 ppm kálísíọ́mù, alkalinity á fi bíi 2.8 dKH wálẹ̀, nítorí náà òun ló ń tètè tú àṣírí. Bí kálísíọ́mù bá sì kọ̀ tí kò dúró, ẹ wo magnesium, èròjà mìíràn nínú omi òkun. Ó yẹ kó sún mọ́ 1,300 ppm.

Kalkwasser, omi tí a po calcium hydroxide sí láti fi kálísíọ́mù àti alkalinity kún táńkì, le púpọ̀, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n tó ń lọ sílẹ̀ bí àsíìdì bá pọ̀) ju 12 lọ. Òru ni mo ń jẹ́ kó máa kán díẹ̀díẹ̀, nítorí òru ni pH táńkì máa ń lọ sílẹ̀. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ tó ń kán an dúró, ẹ má ṣe da èyí tó ṣẹ́kù sí i lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iná bá dé. Ẹ pín in sí ọjọ́ mélòó kan, kí alkalinity má fi ju 1 dKH gùn lóòjọ́.